Màmá Ò Sí Lórí Ìjókòó

Apá tí èèyàn ń fojú rí ni mo máa ń kọ. Tí ẹ bá jókòó sídìí kọ̀m̀pútà, tí ẹ ṣí áàpù kan, gbogbo ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀, bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀, àmì róbótó aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ èèyàn, àpótí kékeré tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó fi kóòdù kọ gbogbo rẹ̀. Èmi lẹni náà. Àwọn tó ń kọ apá ẹ̀yìn, ìyẹn ẹ̀rọ àárín tí ọ̀rọ̀ gbogbo ń gbà kọjá, a máa wò wá bíi pé ọ̀dà là ń kùn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ nínú wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ṣe tán láti tún un jà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló kọ apá ẹ̀yìn iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀kan náà ni ọfíìsì tí a ti kúrò, oṣù kan náà la sì kúrò níbẹ̀. A gba yàrá kan ní Òkè-Àfà, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ, maṣíìnì wọn a sì máa ró lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ìlẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà wa ò ní pátákó. Oníbàárà kan ṣoṣo la ní, ẹni náà ni Màmá.

Aṣọ ni Màmá ń tà ní ọjà Aswani, ìdì-ìdì ni wọ́n sì ń tà á. Ibi mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn pín sí. Ṣọ́ọ̀bù wà ní Aswani, níbi tí àwọn fúnra wọn máa ń jókòó. Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí wà ní Òkè-Àfà, kò jìnnà sí yàrá wa, ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sítọ́ọ̀ ló sì ń bójú tó o láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ìwé kà. Ọfíìsì kékeré kan wà ní Apákùn, lọ́nà pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí ọmọkùnrin Màmá ti ń gba ẹrù tó bá bá bàálù dé.

Fóònù ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, fóònù di eré. Oníbàárà á dúró, ẹni tó yẹ kó dá a lóhùn á máa rẹ́rìn-ín sí fídíò. Màmá bá pàṣẹ: tí a bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo fóònù di inú dúrọ́ọ̀, títí kan tàwọn fúnra wọn. Wọ́n ra kọ̀m̀pútà kan síbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní àwọn ń fẹ́ ohun tí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi máa bára wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan.

Báyìí la ṣe pàdé. Ọmọ Màmá ti rí èyí tó fẹ́ kí wọ́n rà, ti òyìnbó, tí wọ́n ti ṣe tán, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin yìí jù mí lọ dáadáa, ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí i nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí n pè é bí mo ṣe ń pè é nínú ọkàn mi. Mo ní a máa kọ tiwa, Yorùbá ló sì máa sọ. Mo ti rí Bàbá Sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń ka Bíbélì Yorùbá bí ẹni mumi, tí wọ́n sì ń fi ìka tọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yọ lẹ́yọ. Màmá náà ò yàtọ̀.

Ọmọ Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sister, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló ń ka Yorùbá lórí computer? Èmi gan-an ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Yorùbá tí a ń sọ lẹ́nu yàtọ̀, business yàtọ̀."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n, torí ẹ ò rí ibi tí ẹ ti máa lò ó."

Màmá ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Oṣù kan. Ẹ gbé ti Yorùbá síbẹ̀ fún oṣù kan. Tí kò bá dá wàhálà sílẹ̀, ó dúró. Tó bá dá wàhálà kan ṣoṣo sílẹ̀, a ra ti ọmọ mi."

Ẹ̀rù ò bà mí. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe kọ́kọ́kọ́ kiri yàrá, tó ń sọ pé a ì bá ti gbà fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì kí iṣẹ́ má bàa bọ́. Mo ní kó lọ kọ apá ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tí kò bá kọ irú nǹkan yìí rí ò lè mọ ibi tí ó ti le. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré kan. Tí ẹnì kan bá ń tẹ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹni tó wà lódì kejì gbọ́dọ̀ rí i pé onítọ̀hún ń kọ ọ́ bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ìṣòro níbẹ̀. Ní Yorùbá, mo kọ́kọ́ kọ, "Ó ń kọ̀wé." Kó tó di pé mo jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i ni mo ti mọ̀ pé ó bàjẹ́. Ṣé Bàbá Sítọ́ọ̀ á jókòó, kí kọ̀m̀pútà máa sọ fún wọn nípa Màmá pé "ó" ń kọ̀wé? Mo bá jókòó ti Màmá, wọ́n to àwọn èèyàn wọn fún mi bí wọ́n ṣe jura wọn lọ, mo sì kọ ọ́ pé kí áàpù kọ́kọ́ wo ẹni tó ń kàwé àti ẹni tó ń kọ̀wé kó tó la ẹnu. Lójú Bàbá Sítọ́ọ̀, Màmá di "Wọ́n ń kọ̀wé." Lójú Màmá, Bàbá Sítọ́ọ̀ jẹ́ "Ó ń kọ̀wé." Apá tèmi nìyẹn, apá ẹ̀yìn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi ní Abẹ́òkúta láti ròyìn rẹ̀. Wọ́n ní ṣé nǹkan tí àwọn torí rẹ̀ rán mi lọ sí yunifásítì nìyẹn.

Orúkọ Màmá kò sí lórí kọ̀m̀pútà kankan. Wọ́n ní ta ló máa máa fi orúkọ pe àwọn. "Màmá" la kọ síbi tó yẹ kí orúkọ wọn wà, bó sì ṣe ń hàn sí gbogbo èèyàn nìyẹn.

Mo ṣe bọ́tìnnì tí wọ́n á tẹ̀ kí àmì lè bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tàbí sísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá Sítọ́ọ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò, ó sì wọ̀ wọ́n lára ju bí mo ṣe rò lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta wọ́n ti ń bá àwọn ará Aswani wí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ò lámì. Ọmọ Màmá ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ, kúkúrú, gbígbẹ: ẹrù ti dé, ẹrù ò tíì dé, ẹ fèsì.

Ohun kan wà tí mo fi ń yangàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lè sọ nù nínú áàpù mi. Tí iná bá lọ níbi tí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ wà, ẹ máa kọ ọ́ lọ. Á dúró, á to ara rẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ìgbà tí kọ̀m̀pútà onítọ̀hún bá sì jí, gbogbo rẹ̀ á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa dún pìn, pìn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí ariwo. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, Bàbá Sítọ́ọ̀ bá mi ní yàrá wa, wọ́n ní àwọn ní ẹ̀sùn kan. Tí ẹnì kan bá ti pa kọ̀m̀pútà rẹ̀, àmì ewé ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ á di àwọ̀ eérú, àwọn kì í sì í tètè rí i. Àwọn á máa bá ẹni tí kò sí níjòókòó sọ̀rọ̀ bíi wèrè. Ṣé mi ò lè jẹ́ kó sọ ọ́ jáde?

Mo ní kékeré nìyẹn. Mo kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó yọ gàdàgbà láàárín ojú kọ̀m̀pútà, kẹ́nikẹ́ni má tún sọ pé òun ò rí i. Mo kọ́kọ́ kọ "kò sí." Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní "kò sí" nìkan dà bíi pé a ò mọ ẹni náà rí. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá kúrò ni. Mo fi "mọ́" kún un. A dán an wò. Orúkọ tí a fi ń dán nǹkan wò lọ́dọ̀ wa ni Kọ̀m̀pútà Kìíní àti Kọ̀m̀pútà Kejì. Mo pa ọ̀kan, èkejì sì kọ ọ́ sójú gàgàrà: "Kọ̀m̀pútà Kejì kò sí mọ́." Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fi ránṣẹ́ sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Àwa méjì tí a gbọ́ Yorùbá láti inú oyún ló jókòó síwájú gbólóhùn yẹn, kò sì sẹ́ni tó sunkún Kọ̀m̀pútà Kejì.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ọjà Aswani. Iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù bí aago mọ́kànlá ṣe ń lù, jẹnẹrétọ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Kọ̀m̀pútà Màmá kú. Ohun tó yọ gàdàgbà ní Òkè-Àfà àti Apákùn lẹ́ẹ̀kan náà ni: "Màmá kò sí mọ́."

Ẹ rántí pé fóònù Màmá wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn, pé Màmá ti sùn ní ọsibítù fún òru méjì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bàbá Sítọ́ọ̀ pe fóònù wọn títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n fi sítọ́ọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, wọ́n bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, bàtà kan ló sì wà lẹ́sẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n dé Aswani. Ọmọ Màmá wa mọ́tò ti Apákùn wá. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé.

Ìta ni wọ́n ti bá Màmá, lórí àga, torí inú ṣọ́ọ̀bù ti móoru. Wọ́n ń bá obìnrin kan dúnàádúrà lórí léèsì. Bàbá Sítọ́ọ̀ wó lulẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ Màmá méjèèjì mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Ọmọ Màmá dúró lẹ́yìn wọn.

Màmá wo ọ̀kan, wọ́n wo èkejì. Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Bàbá Sítọ́ọ̀ tún di ẹsẹ̀ wọn mú le sí i.

Ọmọ Màmá ló pè mí. Ohùn rẹ̀ ò gbóná, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ ní Aswani. Ẹ wá ka nǹkan tí ẹ kọ fún Màámi." Ó kà á létí mi. Ìgbà tí ẹlòmíì kà á ni mo tó gbọ́ ohun tó túmọ̀ sí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún ọ̀rẹ́ mi ibi tí mò ń lọ.

Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá ti wọlé, Bàbá Sítọ́ọ̀ jókòó sórí ìdì aṣọ kan, ojú wọn pọ́n. Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé láìfi nǹkan kan pamọ́: àmì eérú, "kò sí," "mọ́," Kọ̀m̀pútà Kejì. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò gbọ́ ohun tí mo kọ."

Ọmọ Màmá ní, "Màámi, ẹ ṣáà rí i. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, offline ló máa kọ. Offline ò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹ ní wàhálà kan ṣoṣo."

Màmá ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé ó ti parí. Inú mi bàjẹ́, kì í ṣe nítorí oníbàárà tó fẹ́ bọ́ nìkan. Òótọ́ lọ́kùnrin yìí sọ. Gbogbo ẹnu tí mo fi ń sọ pé Yorùbá gba iṣẹ́ kọ̀m̀pútà, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí ni mo wà tí iná fi dé. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kọ̀m̀pútà orí tábìlì Màmá jí fúnra rẹ̀, áàpù mi ṣí, ó sì bẹ̀rẹ̀: pìn. Pìn. Pìn.

Màmá ní, "Kí nìyẹn?"

Mo ní, "Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n kọ sí yín nígbà tí iná lọ ni, mà."

"Awò mi ò sí níbí. Kà á sí mi létí."

Mo dìde, mo lọ kà á. Bàbá Sítọ́ọ̀ ló ni ti àkọ́kọ́. Màmá, ìdì mẹ́rin ti jáde láàárọ̀ yìí. Èkejì: Màmá, kí ni mo rí lójú kọ̀m̀pútà yìí? Ẹ̀kẹta: Màmá, ẹ fèsì. Ẹ̀kẹrin: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa, Màmá, a ò tíì múra. Gbogbo àmì ló pé síbẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀. Bàbá Sítọ́ọ̀ ń sunkún, wọ́n sì ń wá bọ́tìnnì àmì kiri. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Sítọ́ọ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú.

Ó ku ẹyọ kan. Mo rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Mo yíjú wo ọmọ Màmá, ilẹ̀ ló ń wò.

Màmá ní, "Ṣé ó ti tán?"

Mo ní, "Ó ku ọ̀kan, mà." Mo sì kà á jẹ́jẹ́. Bó ṣe wà lójú kọ̀m̀pútà nìyí: Maami. E jo. E da mi lohun.

A ń gbọ́ àwọn tó ń ná ọjà níta. Ọkùnrin tí kò kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyẹn. Nígbà tó rò pé ìyá òun ti kú, tí kò mọ ibi tí yóò ké sí, inú áàpù mi ló ké sí, kò sì rántí Gẹ̀ẹ́sì.

Màmá ní, "Ta ló kọ ti ìgbẹ̀yìn yẹn?"

Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Èmi ni, Màámi."

Màmá yíjú sí obìnrin kan tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní, "Tí èèyàn bá wá bèèrè mi tí mo bá jáde, kí lo máa ń sọ fún wọn?"

Obìnrin náà ní, "Mo máa ń ní Màmá ò sí lórí ìjókòó ni, mà."

Màmá kọjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Kọ ìyẹn síbẹ̀. Má sì pa mí mọ́."

Mo kọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí a dán an wò, mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n orúkọ Kọ̀m̀pútà Kìíní àti Kejì ti tán lọ́dọ̀ wa. Orúkọ ìyá mi àti orúkọ ìyá rẹ̀ la fi ń dán nǹkan wò títí di òní.

Ọmọ Màmá ò dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gun àtẹ̀gùn wa wá, maṣíìnì àwọn aránṣọ ń ró lábẹ́ wa, ó jókòó sórí àga tó kù, ó ní kí n wá fi bọ́tìnnì tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ àti sísàlẹ̀ rẹ̀ han òun. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n kọ "Màámi" lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó rí i kọ dáadáa. Ẹ ó rí i pé mo ti yí bí mo ṣe ń pè wọ́n padà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kódà nínú ọkàn mi.

Oṣù pé, áàpù wa dúró. Ohun kan ló kù. Mo ti kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti lò ju oṣù kan lọ máa pa ara rẹ̀ rẹ́, kí kọ̀m̀pútà má bàa kún. Màmá gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu Bàbá Sítọ́ọ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ lọ. Mi ò bèèrè èyí tí wọ́n ń wí. Mo jókòó sí tábìlì wọn, mo kọ ìlà kan ṣoṣo sínú kóòdù fún un, ó sì wà lókè pátápátá lójú kọ̀m̀pútà wọn di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ní kí n bá wọn fi àmì rẹ̀ sí i kó lè gún. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án.